Ta Ni Yóò Fọ Ẹ̀jẹ̀ Náà?

Nínú Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ (1969), àwa àti Lápàdé ni a jọ ń wá ọ̀daràn kiri. Ti My Sister, the Serial Killer, tí Oyinkan Braithwaite fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ní 2018, kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni a ti mọ̀ pé Ayọ̀ọlá ni ó ń pa àwọn ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀; Kóredé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí í ṣe nọ́ọ̀sì l'Ékòó, ni ó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Ìbéèrè tí ó kù ni pé: títí dé ibo ni ọmọ ìyá fi ń bo ọmọ ìyá rẹ̀? Bí ẹnikẹ́ni bá ní eré lásán ni, n kò gbà. Ọ̀bẹ baba wọn, ìkà ènìyàn, ni Ayọ̀ọlá ń lò. Ibẹ̀ ni ìwé náà ti jinlẹ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé, yàtọ̀ sí Fẹ́mi akéwì, àwọn tí ó kú kò jọ ènìyàn lójú wa.