Àwíjàre Ìbátan: Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò Ààrẹ ní Ọdún 2021

Nígbà tí oníròyìn bá kojú olóṣèlú, ibi tí ìdáhùn bá ti yà kúrò lójú ọ̀nà ìbéèrè ni ó yẹ kí òǹgbọ́ fi etí sí jù lọ, nítorí níbẹ̀ ni èrò olùdáhùn ti ń fara hàn. Àwọn ará Yewa ní ìdí láti ṣe àyẹ̀wò èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣe pẹ̀lú àwọn oníròyìn Arise ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà 2021.

Lórí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Kánò dé Maradi ní ilẹ̀ Niger, tí àwọn alátakò ń bi pé kí ni èrè rẹ̀ fún Nàìjíríà, Ààrẹ fa ọ̀rọ̀ ìbátan yọ. Ó ní òun ní ìbátan ní Niger. Pé Kanuri, Hausa àti Fulani wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ti wà ní Benin, kò sì ṣeé ṣe láti já wọn sílẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni. Yorùbá tí ó bá kọ Maradi ti kọ Kétu nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́. Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà ní 1889 ni ó ya Kétu nípá kúrò lọ́dọ̀ Ìmẹ̀kọ. Ṣùgbọ́n kí a gbé e sórí òṣùwọ̀n ní Ìdìrókò. Ìjọba kan náà ni ó ti àwọn ibodè ní oṣù kẹjọ 2019, tí ó sì fòfin de gbígbé epo bẹntiróòlù lọ sí ilé epo tí kò jìnnà tó kìlómítà 20 sí ààlà. Nígbà tí ó ṣí ibodè 4 ní oṣù kejìlá 2020, Ìdìrókò kò sí nínú wọn. Ó ṣì wà ní títì ní ọjọ́ tí Ààrẹ ń sọ̀rọ̀ ìbátan.

Ẹni tí ó bá sọ pé ẹ̀yà ni Ààrẹ ń gbè kò tíì wò ó dáadáa, nítorí Jibiya, ibodè tí ó wà lójú ọ̀nà Maradi gan-an, wà ní títì bákan náà. Ojú irin ni àwíjàre náà ń ṣiṣẹ́ fún, kì í ṣe ìbátan. Ohùn líle oníròyìn kò lè dá irú àwíjàre bẹ́ẹ̀ dúró. Orúkọ ibodè kan ṣoṣo lè dá a dúró.

Ní ìjókòó kan náà, Ààrẹ ní gómìnà méjì láti ilẹ̀ Yorùbá wá ṣe àròyé pé darandaran ń ba oko jẹ́, òun sì ní kí wọ́n padà lọ tún ètò ìlú wọn ṣe. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà ni àwọn àgbẹ̀ Àríwá Yewa sá fún ìkọlù wọ Benin, ilẹ̀ àwọn ìbátan tí Ààrẹ fi ṣe àpẹẹrẹ.

Oṣù kẹrin 2022 ni a tó ṣí Ìdìrókò àti Jibiya, nínú àṣẹ kan náà.