Ẹ̀rí Láìrí Olùpín: Lámèyítọ́ lórí 2¹²⁷ − 1

Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni àwọn onímọ̀ ìṣirò ń pe òǹkà tó ju 1 lọ, tí kò sí ohun tó lè pín in láìṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Láàárín wọn, 2¹²⁷ − 1, tó ní ẹyọ nọ́ńbà 39, yẹ fún àgbéyẹ̀wò, kì í ṣe nítorí títóbi rẹ̀, bí kò ṣe nítorí ọ̀nà tí Edouard Lucas, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbà fi ẹ̀rí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1876 láìlo kọ̀ǹpútà. Títí di 1951, kò sí èyí tó tóbi jù ú lọ tí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn.

Ìrísí òǹkà náà ló ṣínà fún un. Òǹkà tó ní ìrísí 2ᵖ − 1, tí wọ́n fi orúkọ àlùfáà Marin Mersenne pè, kò lè jẹ́ nọ́ńbà àkọ́kọ́ àyàfi bí p fúnra rẹ̀ bá jẹ́ nọ́ńbà àkọ́kọ́, síbẹ̀ ìyẹn nìkan kò tó, nítorí 2¹¹ − 1 jẹ́ 2047, tí í ṣe 23 lọ́nà 89. Nínú ìdánwò Lucas, bí D. H. Lehmer ṣe tún un tò ní 1930, a ó bẹ̀rẹ̀ láti orí 4, a ó sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, a ó yọ 2 kúrò, a ó fi òǹkà tí à ń dán wò pín èyí tó kù, a ó mú àṣẹ́kù rẹ̀, a ó sì máa tún un ṣe bẹ́ẹ̀ títí yóò fi pé ìgbà p − 2. Bí àṣẹ́kù ìkẹyìn bá jẹ́ òdo, nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni. Fún 31, tí í ṣe 2⁵ − 1, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni: 4 di 14, 14 di 194, tí àṣẹ́kù rẹ̀ jẹ́ 8, 8 di 62, tí 31 pín láìku nǹkan kan.

Ìdánwò yìí kì í wá olùpín rárá, ibẹ̀ sì ni ẹwà rẹ̀ wà. Ní 1876 kan náà ni Lucas sọ pé 2⁶⁷ − 1, tí Mersenne ti kà mọ́ àwọn nọ́ńbà àkọ́kọ́ ní 1644, kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó pín in. Ọdún 1903 ni F. N. Cole tó fi han ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò Amẹ́ríkà pé 193707721 lọ́nà 761838257287 ni. Ọmọ iléèwé tó mọ ìsọdipúpọ̀ lè yẹ iṣẹ́ Cole wò, nígbà tí ti Lucas ń béèrè òye òfin tó gbé e ró. Síbẹ̀ ti Lucas ló jinlẹ̀ jù, nítorí orí òǹkà kan ṣoṣo ni ti Cole parí sí. Ìdánwò Lucas àti Lehmer náà ni wọ́n fi jẹ́rìí sí 2¹³⁶²⁷⁹⁸⁴¹ − 1 ní 2024, tí ẹyọ nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 41,024,320.

Àléébù kan wà nínú ìdíje láti wá nọ́ńbà àkọ́kọ́ tó tóbi jù lọ, tí ìròyìn kì í mẹ́nu bà. Euclid ti fi hàn tipẹ́ pé nọ́ńbà àkọ́kọ́ kò lópin, ṣùgbọ́n èyí tí kò bá ní ìrísí tó rọrùn láti dán wò kì í wọ inú àkọsílẹ̀, bó ti wù kó tóbi tó, nítorí pé kò tíì sí ẹni tó ní ìdánwò tó yá tó bẹ́ẹ̀ fún un.