Ẹjọ́ Ẹnì Kan: Àyẹ̀wò Ìtàn Habilitation nínú Aus meinem Leben ti Joseph Ratzinger

Ìfáàrà

Aus meinem Leben ni Joseph Ratzinger pe ìwé tí ó kọ nípa ìgbésí-ayé ara rẹ̀, láti ọdún 1927 tí wọ́n bí i títí di ọdún 1977. Ìwé náà kọ́kọ́ jáde ní èdè Ítálì ní ọdún 1997. Ti èdè Jámánì tẹ̀ lé e ní ọdún 1998. Kádínà ni òǹkọ̀wé nígbà náà, òun sì ni olórí ilé-iṣẹ́ tí ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ní Róòmù. Ní ọdún 2005 ni ó di Póòpù Benedict Kẹrìndínlógún. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ òǹkàwé ni ó máa ń wá Póòpù nínú ìwé náà. Kì í ṣe Póòpù ni bébà yìí ń wá. Orí kan ṣoṣo ni ó yẹ̀ wò, èyí tí ó sọ bí ọ̀dọ́ àlùfáà kan ṣe ń wá ẹ̀tọ́ láti kọ́ni ní ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run ní yunifásítì, àti bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ forí ṣánpọ́n.

Èrò tí bébà yìí gbé kalẹ̀ ni pé orí náà jẹ́ ìtàn tí ó dùn púpọ̀, ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ bo ìbéèrè tí ó wà nídìí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìbéèrè náà ni èyí: nígbà tí a bá ń dán ẹni tí yóò kọ́ni ní ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run wò, kí ni à ń dán wò gan-an?

Ohun tí Habilitation jẹ́

Ní Nàìjíríà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oyè ọ̀mọ̀wé ni òpin ìdánwò. Ní Jámánì, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n ní láti kọ iṣẹ́ ńlá kejì lẹ́yìn ti oyè ọ̀mọ̀wé. Fákọ́tì yóò yẹ iṣẹ́ náà wò. Bí wọ́n bá tẹ́wọ́ gbà á, olùdánwò yóò sọ̀rọ̀ ní gbangba, yóò sì dáhùn ìbéèrè àwọn àgbà. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò fún un ní ẹ̀tọ́ láti kọ́ni. Ìlànà yìí ni wọ́n ń pè ní Habilitation. Lóde òní, ọ̀nà mìíràn wà pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún 1950, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí òmíràn.

Ti ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run ní Ìjọ Àgùdà tún le ju èyí lọ. Fákọ́tì náà wà nínú yunifásítì ìjọba, ṣùgbọ́n Ìjọ ní ọ̀rọ̀ láti sọ nípa ẹni tí yóò kọ́ni níbẹ̀. Àdéhùn tí Ìjọ bá ìjọba Bavaria ṣe ní ọdún 1924 àti èyí tí ó bá gbogbo Jámánì ṣe ní ọdún 1933 ni ó fi ìdí èyí múlẹ̀. Òfin Ìjọ fúnra rẹ̀ náà sọ̀rọ̀ lé e lórí: Sapientia Christiana ní ọdún 1979, abala 812 nínú ìwé òfin ti ọdún 1983, àti Veritatis Gaudium ti ọdún 2017, èyí tí ó rọ́pò ti 1979.

Bí a bá tú ìlànà yìí palẹ̀, ìbéèrè mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀. Ìkínní ni pé, ǹjẹ́ ẹni yìí mọ iṣẹ́? Fákọ́tì ni ó ni èyí. Ìkejì ni pé, ǹjẹ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá ìgbàgbọ́ Ìjọ mu? Bíṣọ́ọ̀bù ni ó ni èyí. Ìkẹta ni pé, ta ni í ṣe: àlùfáà ni tàbí ọmọ ìjọ lásán, ọkùnrin ni tàbí obìnrin? Ìkẹta yìí kì í sábà hàn nínú ìwé ìdánwò, ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ tí ń bọ̀ yóò fi hàn pé ó lágbára ju méjì àkọ́kọ́ lọ nígbà mìíràn.

Bí ìtàn náà ṣe lọ

Ratzinger gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Munich ní ọdún 1953 pẹ̀lú iṣẹ́ lórí Augustine Mímọ́. Gottlieb Söhngen, tí ó darí rẹ̀, ni ó darí rẹ̀ sọ́dọ̀ Bonaventure, ọmọ ẹgbẹ́ Francis Mímọ́ ti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá, fún iṣẹ́ kejì. Ní òpin ọdún 1955, ó kó iṣẹ́ náà kalẹ̀. Nígbà náà, ó ti ń kọ́ni ní Freising, ó sì ti kó àwọn òbí rẹ̀ tí ó ti darúgbó wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀ níbẹ̀.

Ní àsìkò ọdún Àjíǹde 1956, níbi ìpàdé àwọn onímọ̀ ní Königstein, Michael Schmaus, tí í ṣe olùyẹ̀wò kejì, pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì sọ fún un pé òun kò lè tẹ́wọ́ gba iṣẹ́ náà, nítorí pé kò kúnjú òṣùwọ̀n ìmọ̀. Fákọ́tì kò sọ ọ́ nù pátápátá. Wọ́n dá a padà fún àtúnṣe. Etí ìwé kún fún àkọsílẹ̀ Schmaus ní oríṣiríṣi àwọ̀. Ṣùgbọ́n Ratzinger ṣàkíyèsí pé apá tí ó kẹ́yìn, èyí tí ó dá lórí bí Bonaventure ṣe lóye ìtàn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní àbàwọ́n kankan lára. Ó gé apá yìí yọ, ó tún un ṣe láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì kó o padà ní oṣù kẹwàá. Wọ́n tẹ́wọ́ gbà á ní oṣù kejì ọdún 1957. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù náà, ó sọ̀rọ̀ ní gbangba. Söhngen àti Schmaus bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn jiyàn kíkan níwájú èrò, débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ẹni tí wọ́n ń dán wò. Lẹ́yìn ìpàdé tí ó pẹ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún un pé ó yege.

Ọgbọ́n ìsọ̀tàn

Iṣẹ́ ọwọ́ òǹkọ̀wé hàn nínú orí yìí ju ti àwọn orí yòókù lọ. Àwọn ohun kéékèèké ni ó fi mú ọkàn òǹkàwé. Ó sọ nípa atẹ̀wé tí kò yára, tí ó tún ń sọ ojú ewé nù. Ó sọ nípa ilé tí àwọn òbí rẹ̀ ń gbé: bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ọmọ, àwọn àgbàlagbà méjì ni yóò tún dẹrù. Òǹkàwé tí kò mọ Bonaventure rí kò ní ṣàìbẹ̀rù fún bàbá àti ìyá yìí. Bákan náà ni àwọ̀ oríṣiríṣi etí ìwé: kò sí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan tí ojú rẹ̀ kò ní rí i.

Ẹ̀fẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí ó yẹ kí olùdánwò máa gbọ̀n, àwọn àgbà méjì ni ó ń jà. Ìjà erin méjì ni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, koríko kò kú. Òǹkọ̀wé kò pariwo ayọ̀. Ó jẹ́ kí ìròyìn náà dé bá òǹkàwé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, bí ó ti dé bá òun náà.

Ẹjọ́ ẹnì kan

Àléébù orí náà bẹ̀rẹ̀ níbi tí òǹkọ̀wé ti ń ṣàlàyé ìdí tí Schmaus fi kọ̀. Ó to àwọn ìdí náà lẹ́sẹẹsẹ: pé inú bí Schmaus nítorí pé òun, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ní Munich gẹ́gẹ́ bí àgbà nínú ìmọ̀ nípa Sànmánì Àárín, kò darí iṣẹ́ náà, pé ọ̀dọ́ kan ń fi ìwádìí tuntun láti ilẹ̀ Faransé bu ẹnu àtẹ́ lu èrò tí ó ti gbilẹ̀ ní Munich, pé àṣìṣe ìtẹ̀wé pọ̀, àti pé Schmaus rí ewu nínú ohun tí iṣẹ́ náà sọ nípa ìṣípayá Ọlọ́run.

Ìdí ìkẹyìn yìí ni ó wúwo jù. Ohun tí Ratzinger sọ pé òun rí lọ́dọ̀ Bonaventure ni pé ìṣípayá kì í ṣe ìwé lásán. Ìṣe Ọlọ́run ni, kò sì tíì pé bí kò bá sí ẹni tí ó gbà á. Yorùbá tí ó mọ àrokò yóò tètè lóye èyí. Owó ẹyọ tí a so pọ̀ ránṣẹ́ kò tíì di ọ̀rọ̀ títí yóò fi dé ọwọ́ ẹni tí ó lè kà á. Schmaus bẹ̀rù pé ẹ̀kọ́ yìí yóò sọ ìṣípayá di ohun tí ó wà lọ́wọ́ ènìyàn láti yí bí ó ṣe fẹ́. Bí ẹni tí ó gbà á bá jẹ́ apá kan nínú rẹ̀, ta ni yóò dá olùgbà tí ó ṣì í kà lẹ́kun? Ìbéèrè tí ó ní láárí ni èyí. Ṣùgbọ́n orúkọ àìdára ni ìwé náà fi pe ìbẹ̀rù Schmaus, kò sì jẹ́ kí ó rojọ́ tirẹ̀. Nítorí pé a tò ó mọ́ ìbínú àti àṣìṣe ìtẹ̀wé, ó dà bí ìkan nínú ẹ̀tanú àgbàlagbà kan.

Agbẹjọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Söhngen kú ní ọdún 1971, Schmaus sì kú ní ọdún 1993. Ìwé náà jáde lẹ́yìn wọn. Òótọ́ ni pé òǹkọ̀wé kò bu Schmaus. Ó sọ pé àwọn méjèèjì padà di ọ̀rẹ́ ní àwọn ọdún 1970. Ṣùgbọ́n ìlàjà kì í ṣe ìdáhùn. Ohun tí òǹkàwé fẹ́ mọ̀ ni bóyá ìbéèrè ìkínní ni Schmaus dáhùn, tàbí ìkejì ni ó dáhùn ní orúkọ ìkínní. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rù ẹ̀kọ́ ni ó bà á, kò yẹ kí ó sọ pé iṣẹ́ náà kò kúnjú òṣùwọ̀n ìmọ̀.

Àwọn kan lè wí pé ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Pé ìwé kékeré tí ó jáde ní ọdún 1959 dára ju ìwé ńlá lọ. Èyí kò tó. Apá tí ó dá lórí ìṣípayá kò jáde sí gbangba títí di ọdún 2009, nínú ìdìpọ̀ kejì àkójọ iṣẹ́ òǹkọ̀wé. Fún àádọ́ta ọdún ó lé, àwọn onímọ̀ kò rí ohun tí wọ́n torí rẹ̀ jà.

Ẹni tí ìdánwò kò kàn

Ìwé mìíràn wà tí ó yẹ kí a kà mọ́ ti Ratzinger: Geburtsfehler: weiblich, tí Elisabeth Gössmann gbé jáde ní ọdún 2003. Àkọlé náà pe jíjẹ́ obìnrin ní àbùkù tí a bí mọ́ni. Ní Munich kan náà ni Gössmann ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run ní ọdún 1954, Schmaus kan náà ni ó sì darí rẹ̀. Ìwé rẹ̀ ti ọdún 1964 dá lórí ìtàn ìgbàlà nínú Summa tí a ń fi orúkọ Alexander ti Hales pè. Alexander yìí sì ni olùkọ́ Bonaventure. Oko kan náà ni òun àti Ratzinger ń ro. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Habilitation ní ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run dí mọ́ ọn, nítorí pé kò sí àyè fún ẹni tí kì í ṣe àlùfáà. Ní Japan ni ó ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ olùkọ́ rẹ̀; ní ọdún 1978 ni ó gba Habilitation ní Munich, nínú ìmọ̀ fẹlọ́sọ́fì.

Bí a bá ka ìwé Ratzinger nìkan, Schmaus ni ìdènà. Bí a bá ka ìtàn méjèèjì pọ̀, ọkùnrin tí ó dí ọ̀nà mọ́ ọ̀kan ni ó la ọ̀nà oyè ọ̀mọ̀wé fún èkejì. Ìbéèrè kẹta ni ó sì dá èkejì dúró. Ratzinger ní àǹfààní láti forí ṣánpọ́n kí ó sì tún gbìyànjú. Èyí tí ó pè ní ìyà jẹ́ ohun tí ẹlòmíràn kò láǹfààní láti jẹ. Ìwé rẹ̀ kò sọ èyí.

Ìlérí òǹkọ̀wé

Òǹkọ̀wé sọ pé ìrírí náà mú òun pinnu pé òun kò ní tètè fara mọ́ ìkọ̀sílẹ̀ iṣẹ́ ẹnikẹ́ni, pé níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe, ẹni tí kò lágbára ni òun yóò dúró tì. Ẹni tí ó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Gbólóhùn yìí ni ó níyì jù nínú orí náà. Òun náà ni ó yẹ kí a fi wọn ìwé náà.

Ọdún 1977 ni ìwé náà parí sí, nígbà tí òǹkọ̀wé di Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Munich àti Freising. Láti ọdún 1981 sí 2005, òun ni ó wà lẹ́nu ọ̀nà ní Róòmù. Ní ọdún 1986, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kéde pé Charles Curran, tí ń kọ́ni ní Yunifásítì Kátólíìkì ti Amẹ́ríkà, kò yẹ láti máa kọ́ni ní ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run ní orúkọ Ìjọ. Kì í ṣe ẹ̀sùn pé Curran kò mọ iṣẹ́. Ìbéèrè kejì ni, wọ́n sì pè é ní orúkọ rẹ̀. Ní ti èyí, ilé-iṣẹ́ náà ṣe kedere ju Schmaus lọ. Síbẹ̀, òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ni ó jẹ́ kí òǹkàwé rí i pé ohun tí ó bà Schmaus lẹ́rù ní ọdún 1956 wúlò fún òun nínú àríyànjiyàn lórí ìṣípayá ní Ìpàdé Àgbáyé Vatican Kejì, èyí tí ó bí Dei Verbum ní ọdún 1965. Ìbẹ̀rù olùyẹ̀wò lè jẹ́ òótọ́ inú, kí ó sì tún jẹ́ àṣìṣe. Ìwé tí ó dá dúró ní 1977 kò ní láti dáhùn bóyá òǹkọ̀wé rántí èyí nígbà tí ó di alágbára. Ṣùgbọ́n ìlérí tí ó kọ sílẹ̀ ni ó gbé ìbéèrè náà lé òǹkàwé lọ́wọ́.

Ìkádìí

Orí yìí nínú Aus meinem Leben jẹ́ ìtàn tí ó gbámúṣé nípa ìbẹ̀rù àti ìtìjú ọ̀dọ́ onímọ̀, ṣùgbọ́n ó sọ ọ̀rọ̀ ìlànà di ọ̀rọ̀ ìwà ènìyàn. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ń yẹ iṣẹ́ ẹlòmíràn wò ni pé kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ kedere irú ìbéèrè tí òun ń dáhùn: ti ìmọ̀ ni, ti ìgbàgbọ́ ni, tàbí ti irú ènìyàn tí olùdánwò jẹ́. Ẹni tí ó bá gba ìdáhùn ti ìmọ̀ lè padà lọ tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ẹni tí wọ́n fi ìkejì tàbí ìkẹta dá dúró ní orúkọ ìkínní kò ní mọ ohun tí yóò tún ṣe. Iṣẹ́ tí ó kù fún àwọn olùwádìí ni láti fi ẹ̀dà kíkún ti ọdún 2009 wé ti 1959, kí ẹjọ́ Schmaus náà lè di gbígbọ́.