Àpò Kan ní Ayétòrò

Bí omi bá rú, tí a gbé e kalẹ̀ tí a kò fọwọ́ kàn án, ìdọ̀tí inú rẹ̀ á lọ sísàlẹ̀, òkè rẹ̀ á sì mọ́ gaara. Yorùbá á ní omi náà ti tòrò. Inú ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn apẹja Ìlàjẹ kan ti yọ orúkọ ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó sétí òkun ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 1947: Ayétòrò. Àwọn tó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ nípa rẹ̀ a máa pè é ní Ìlú Ayọ̀. Kò burú, àmọ́ wọ́n fo omi inú orúkọ náà. Ẹni tó ń gbé lórí ẹrẹ̀, tí òkun wà níwájú rẹ̀, tí ọ̀sà wà lẹ́yìn rẹ̀, mọ ohun tó ń tọrọ nígbà tó bá ní kí ayé òun tòrò.

Inú ẹgbẹ́ Kérúbù àti Sérafù ni wọ́n ti wá, ẹgbẹ́ aládùúrà tí Mósè Orímọládé àti Abíọ́dún Akínsọ̀wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1925. Ìtàn tí wọ́n ń sọ fún ọmọ wọn ni pé àwọn lòdì sí pípa ìbejì àti ìbọ òrìṣà, wọ́n sì fojú winá inúnibíni títí wọ́n fi kó kúrò láàárín ará. Ibi tí wọ́n kó lọ, ẹrẹ̀ ni. Wọ́n ri òpó mọ́lẹ̀, wọ́n fi pákó kọ́lé lé e lórí, wọ́n sì fi pákó ṣe ọ̀nà láti ilé dé ilé. Ìjọ Àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ ni wọ́n pe ara wọn. Ọba ìlú náà ló sì jẹ́ olórí ìjọ.

Mo fẹ́ kí a wo ọ̀nà pákó yẹn dáadáa, nítorí mo kà á mọ́ iṣẹ́ ọnà ìjọ yìí gan-an. Lórí ẹrẹ̀, ilé tí pákó kò bá dé, ọkọ̀ nìkan ló lè gbéni débẹ̀. Bí pákó kan bá jẹrà láàárín ọ̀nà, ẹsẹ̀ gbogbo ìlú ló wà nínú ewu. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé tòun ṣì le. Ẹni tó ń gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lọ sí àdúrà kò nílò ìwàásù gígùn kó tó mọ ohun tí à ń pè ní ìjọ.

Nígbà náà, wọn kì í náwó láàárín ara wọn. Ẹja tí apẹja bá pa, ti ìlú ni. Bí wọ́n bá tà á, àpò kan ni owó ń wọ̀, inú àpò yẹn náà ni oúnjẹ, aṣọ àti ilé ti ń jáde fún tàgbà tọmọ. Orí kejì àti ìkẹrin Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì ni àwòkọ wọn. Wọ́n gbẹ́ ọ̀nà omi tó so ìlú mọ́ ọ̀sà. Wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n ń rán bàtà, wọ́n ń ṣe búrẹ́dì, wọ́n sì ń kan ọkọ̀ ojú omi. Iná mànàmáná ti ń tàn níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú tó jù ú lọ ṣì ń tan àtùpà.

Kí ló mú un rí bẹ́ẹ̀? Stanley Barrett, onímọ̀ nípa àwùjọ ènìyàn láti Kánádà, ṣe ìwádìí níbẹ̀, ó sì gbé ìwé jáde ní 1977 lórí bí ìlú náà ṣe dìde tó sì ṣubú. Ó fi orúkọ gidi pamọ́. Ó pe Ayétòrò ní Olówó. Abúlé ìtòsí kan tí ẹ̀sìn wọn bára mu, ṣùgbọ́n tí kálukú ń dá tiẹ̀ ṣe, ó pè é ní Tálíkà. Níwọ̀n bí ọ̀kan ti là tí èkejì kò là, ó parí rẹ̀ sí pé àpò kan yẹn ló mú ọrọ̀ wá ju ẹ̀sìn lọ.

Mo gbà pé ìfiwéra náà jinlẹ̀. Ohun tí n kò fara mọ́ ni ìlà tó fà sáàárín àpò àti àdúrà. Ẹni tó wà lójú omi lóru, tí ojú kankan kò tó o, tó sì gbé gbogbo ẹja rẹ̀ wálé láìtà ọ̀kan lọ́nà, ojú Ọlọ́run ló ń wò. Ojú yẹn ló di àpò náà lẹ́nu. Orúkọ náà Olówó sì kọ mí lóminú: owó ni a fi wọn ìlú tí àwọn ọmọ rẹ̀ kì í náwó fún ara wọn nígbà náà.

Ní 1968, wọ́n gbà kí kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòwò tirẹ̀. Àpò náà ya. Ìjọ kò tú ká.

Ohun tó ń lé wọn báyìí ni òkun. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń jẹ ìlú náà. Ilé ìgbé, ilé iṣẹ́ àti ibojì ti wọ inú omi, ó sì ti di dandan kí wọ́n ṣí ilé ìjọsìn kúrò níbi tó wà. Láti 2004 ni wọ́n ti gbé iṣẹ́ odi etí òkun jáde, omi ṣì ń wọlé. Ó dùn mí gan-an. Bí ilé kan bá wó, wọ́n á ṣa pákó tí omi kò tíì gbé lọ, wọ́n á sì fi kọ́ òmíràn sẹ́yìn díẹ̀. Bí oṣù kìíní bá sì dé, àwọn ọmọ Ayétòrò ṣì ń péjọ ṣe àjọ̀dún ọjọ́ tí wọ́n tẹ ìlú wọn dó, lórí ilẹ̀ tó kéré sí ti èṣí.