Ọmọ Tí Ó Ya Odi

Nínú ìwé Maya Angelou, I Know Why the Caged Bird Sings, tí ó jáde ní 1969, ọkùnrin tí ń bá ìyá rẹ̀ gbé fipá bá a lò pọ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́jọ. Wọ́n pa ọkùnrin náà. Ọmọ rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu òun ló pa á, ó sì ya odi. Ibi tí a yìn jù ni ti Ìyáàfin Flowers, ará àdúgbò ìyá àgbà rẹ̀: ó pè é sílé, ó yá a ní ìwé, ó ní kí ó máa kà á sókè. Kò tú ojú ọgbẹ́. Ẹ̀yin ará, ìbẹ̀rù ló pa ọmọ yẹn lẹ́nu mọ́; lọ́dọ̀ tiwa, àwa àgbà là ń wí pé, "Dákẹ́, má dójú tì wá." Àmánà Ọlọ́hun ni ọmọ. Bí ó bá sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí a gbà á gbọ́.