Àlàfo Àárín Fọ́tò Nínú Ìwé Ẹ̀kọ́ àti Ìwé Ìbéèrè

Àwa olùkọ́ èdè Yorùbá a máa yọ máàkì lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ 'nígbàtí' pọ̀, nítorí a gbà pé àlàfo ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe nínú àkọsílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwa fúnra wa bá ń to fọ́tò sórí ìwé ìbéèrè àṣà, a kì í ka àlàfo sí. Èrò tèmi ni pé àlàfo tí ó dọ́gba ń sọ fún ẹni tí ó ń wo ìwé pé ẹgbẹ́ kan náà ni àwọn fọ́tò náà, kí ó fi wọ́n wé ara wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ J. D. 'Okhai Ojeikere (1930–2014), gbajúmọ̀ onífọ́tò ọmọ Nàìjíríà. Ní ọdún 1968 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin ilẹ̀ wa, fọ́tò irun tí ó yà sì súnmọ́ 1,000. Dúdú àti funfun ni wọ́n. Kò sí ohun tí ń gba ojú ẹni lẹ́yìn wọn. Láti ìpàkọ́ ni ó sì ti ya èyí tí ó pọ̀ jù. Bí a bá to mẹ́fà irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ sí ojú ewé kan, tí wọ́n tóbi bákan náà, tí àlàfo wọn sì dọ́gba, kò sí ohun tí ojú yóò tún máa wò mọ́ ju ìyàtọ̀ tí ó wà nínú irun lọ.

Láti iwájú ni a ti ń di kòlẹ́sẹ̀ wá sí ìpàkọ́. Láti ìpàkọ́ ni a ti ń di ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ lọ sí iwájú. Ìyàtọ̀ yìí kò fara sin bí fọ́tò méjèèjì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn dáadáa. Àṣìṣe tí a sábà máa ń rí ni pé a ó tẹ ọ̀kan ní ńlá, a ó fún èkejì mọ́ etí ìwé, lẹ́tà 'B' yóò sì wà ní agbedeméjì fọ́tò méjì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ kòlẹ́sẹ̀ dájú lè tipa bẹ́ẹ̀ pàdánù máàkì, kí a sì wí pé kò mọ àṣà. Ta ni kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀?

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ìwé A4 fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 21. Bí a bá fi 2.5 sílẹ̀ ní etí ọ̀tún àti 2.5 ní òsì, ó ku 16. Fọ́tò mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní 5 yóò gba 15, yóò ku 1. Àlàfo méjì ni ó wà láàárín fọ́tò mẹ́ta. Nítorí náà, 0.5 ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà lè bá wa pín èyí, ṣùgbọ́n àwa ni a ó rí i pé àkọlé súnmọ́ fọ́tò tirẹ̀ ju fọ́tò tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lọ.

Síbẹ̀, ọgbọọgba lè ṣi ọmọ lọ́nà. Bí a bá tẹ gúdúgúdú àti ìyáàlù ní títóbi kan náà, ọmọ tí kò rí ìlù rí yóò rò pé wọn kò ju ara wọn lọ. Kí a ya àwọn ìlù bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú fọ́tò kan ṣoṣo, tàbí kí a jẹ́ kí onílù hàn pẹ̀lú ìlù rẹ̀.

Mo dá a lábàá pé kí a tó tẹ ìwé ìbéèrè tí ó ní fọ́tò, kí olùkọ́ mìíràn tí kò sí níbi tí a ti ṣètò rẹ̀ fi rúlà wọn àlàfo rẹ̀, kí ó sì tọ́ka sí fọ́tò tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí. Bí òun bá ṣiyèméjì, kí a tún un tò.