Ta Ni Yóò Gbè É? Orin Òrìṣà Lẹ́nu Àgbà àti Lẹ́nu Olórin Òde Òní



Nígbà tí a ń múra ọdún Ọ̀ṣun ní Lọ́ńdọ̀n, ìyàwó òrìṣà kan nínú ilé wa, tí kò tíì pé ọdún kan tí a ṣe Ọ̀ṣun fún un, bèèrè bóyá a lè kọ ìparí "River," orin Ibeyi, létí odò. Àwọn àgbà ní ká má rí i. Wọ́n ní orin inú fóònù nìyẹn. Bí a bá fẹ́ orin òrìṣà láti Kúbà, ká lọ gbọ́ Mercedita Valdés àti Celina González. Àwa náà gbè sí wọn lẹ́yìn. Ọmọ náà kò sọ nǹkan kan mọ́. Ìdákẹ́ rẹ̀ yìí ló ń dùn wá, tí a fi padà lọ tẹ́tí sí àwọn orin náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Mercedita. Havana ni a bí i sí ní 1922, ó sì papòdà ní 1996. Nígbà tí ọ̀mọ̀wé Fernando Ortiz ń ṣàlàyé orin àti ìlù wa fún àwọn ará Kúbà tó ń fojú tẹ́ńbẹ́lú wò wọ́n, Mercedita wà lára àwọn tó ń kọ ọ́ kí wọ́n lè gbọ́ ọ létí ara wọn. Yorùbá tó bá ti ilé wá lè rẹ́rìn-ín bó bá gbọ́ ọ, nítorí ohùn ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ti yẹ̀: èyí tó yẹ kó ròkè ti wálẹ̀. (Àwa náà ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí, ojú sì ń tì wá. Àwọn tó fi orin yìí pamọ́ sáàárín oko ìrèké kò ní ìwé tó ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀.) Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí bó ṣe ń lé orin. Kì í dá a kọ tán. Á lé e dé ìdajì, àwọn elégbè á gbà á, ìyá ìlù á fèsì, òun náà á tún gbé e. Kò sọ nǹkan kan nípa ara rẹ̀. Òrìṣà ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ti Celina yàtọ̀ pátápátá. Òun àti Reutilio ọkọ rẹ̀ ló gbé orin Santa Bárbara jáde ní nǹkan bí 1948, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí "Que viva Changó." Èdè Sípéènì ni, orin àwọn àgbẹ̀ Kúbà ni, gìtá ló gbé e dúró, ẹni mímọ́ ìjọ Àgùdà sì ni wọ́n so mọ́ Ṣàngó nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìmọ́gaara èdè àti ìlù ni òṣùwọ̀n, Celina kò yege. Síbẹ̀ àwọn àgbà wa kò lè sọ ọ́ nù, nítorí bí ègbè bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń kí Ṣàngó, kò sí ẹni tí ẹnu rẹ̀ máa ń dákẹ́ nínú ilé. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fà yọ sí ọmọ náà kọ́ ni àwọn fúnra wọn ń lò.

Àwọn Ibeyi ńkọ́? Ìbejì gan-an ni wọ́n, Lisa-Kaindé àti Naomi, ọmọ Angá Díaz, onílù Kúbà tó kú ní 2006. Àwo wọn àkọ́kọ́ jáde ní 2015, ilé iṣẹ́ kan níbí ní Lọ́ńdọ̀n ló sì gbé e jáde. Ẹ wo ètò rẹ̀: Ẹlẹ́gbára ló ṣíwájú, Ìbejì ló kẹ́yìn. Ẹni tó bá ti jókòó rí níbi tí wọ́n ti ń lu bàtá fún òrìṣà mọ̀ pé èyí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Nínú "River," èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi bẹ omi pé kó wẹ àwọn, kí wọ́n tó fà á lé orin Ọ̀ṣun tí wọ́n jogún lọ́wọ́. Àbùkù tí a rí ni pé ohùn àwọn méjèèjì àti ẹ̀rọ ti dí gbogbo àyè. Wọ́n ń lé e, wọ́n tún ń gbè é fúnra wọn. Ẹlòmíràn kò rí ibi wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ yọ ẹ̀rọ kúrò, lílé àti ègbè ṣì wà níbẹ̀ ní pípé.

Ẹni tí àwọn àgbà ń bẹ̀rù gan-an, a rò pé Beyoncé ni. Ní 2016, nínú Lemonade, ó wọ aṣọ yẹ́lò jáde láàárín omi, gbogbo ènìyàn ní Ọ̀ṣun nìyí. Ní 2019, nínú "Mood 4 Eva," ó ka Ọ̀ṣun mọ́ àwọn orúkọ tó pe ara rẹ̀. Inú wa dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ Laolu Senbanjo tó fi ọ̀dà fín ara àwọn oníjó inú Lemonade, a kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n nílé wa, a máa ń kí Ọ̀ṣun ni. Bí Ọ̀ṣun bá gun ènìyàn, onítọ̀hún kì í rántí nígbà tó bá sọ̀kalẹ̀, ká má tiẹ̀ sọ pé kó fi yangàn. Elégbè tó bá fẹ́ gbe irú orin bẹ́ẹ̀, olórin ni yóò máa kì. Ìyẹn náà ní àyè tirẹ̀, àwọn onífújì pàápàá ń ki ara wọn. Kì í ṣe létí odò.

A ranṣẹ́ sí ìyàwó náà, a tọrọ àforíjì, a ní kó wá lé ìparí orin náà láìsí fóònù. Ó lé e, a gbè é. Ẹ̀ẹ̀kẹta la dé tí ìyá àgbà kan fi dá a dúró, ó ní ohùn ọ̀rọ̀ kan ṣì, kó tún un pè bí a ṣe ń pè é nílé. Bàbá kan ní kò gbọdọ̀ tún un pè, bí Kúbà ṣe fi ránṣẹ́ ni ká gbà á. Wọ́n fà á títí ọbẹ̀ fi tutù. Ọdún ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọn kò sì tíì bá ara wọn parí rẹ̀.